Bí Mo Ṣe Di Arúgbó Kejì ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ẹ̀yin ará Ṣakí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ sìn mí dé ibi ọkọ̀ tí ẹ sì ń rẹ́rìn-ín pé tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ń lọ ṣe eré orí ìtàgé ní ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, mo ti dé o. Ara mi le, ẹnu mi sì kún. Ọ̀pọ̀ yín ti bi mí bí ọ̀hún ṣe rí, mo sì ti dá yín lóhùn bó ṣe ń wá sí mi lẹ́nu. Òtítọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ wàyí, títí kan èyí tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Káyọ̀dé ló pè mí. Mo kọ́ ọ ní ilé-ìwé wa níbí, ọmọ tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Òun ló di olùkọ́ ní yunifásítì ní Àkúrẹ́ báyìí. Ó ní àwọn fẹ́ ṣe eré àtijọ́ kan, èyí tí àwọn ti yí sí Yorùbá: ìtàn balógun kan tí àwọn arúgbó mẹ́ta sọ fún lójú ọ̀nà pé yóò jọba, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń tì í títí tó fi pa ọba tó wá sùn nílé wọn gẹ́gẹ́ bí àlejò. Wọ́n gba adé, ṣùgbọ́n adé kò tù wọ́n lára. Ọkọ kò lè jẹun, ìyàwó kò lè sùn, àwọn méjèèjì sì ṣègbé.

Káyọ̀dé ní arúgbó kejì ni kí n ṣe. Ọ̀rọ̀ arúgbó kejì kò pọ̀; ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà lè kọ́ ọ sórí kí ẹ̀pà tó tán. Lẹ́yìn náà ló wá fi kún un pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó balógun náà sórí. Bí nǹkan bá ṣe ẹni tó ń ṣe é, ẹ̀yin ni ẹ ó bọ́ síbẹ̀."

Ì bá má sọ ọ́. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn fún àwọn ewúrẹ́ mi, títí tí wọ́n fi ń sá bí wọ́n bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò ní tàn yín: mo fẹ́ ṣe ìyàwó balógun ju bí mo ṣe fẹ́ rí Àkúrẹ́ lọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní eré, tí mo ń dúró sẹ́yìn aṣọ títa, tí mo ń sọ ọ̀rọ̀ sí wọn létí nígbà tí wọ́n bá gbàgbé. Kò sẹ́ni tó bi mí rí bóyá èmi náà fẹ́ jáde síta.

Ìlú tí àpáta rẹ̀ wọṣọ

Àpáta ni mo kọ́kọ́ rí ní Àkúrẹ́, inú mi sì dùn bí ẹni pé mo rí mọ̀lẹ́bí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé tiwa ní Ṣakí, ìhòòhò ni wọ́n wà. Tiwọn wọ aṣọ igbó láti orí dé ẹsẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀hún tutù, òjò wọn kì í sì í ṣe ìkéde. Ó kàn ń rọ̀ ni, àwọn èèyàn á sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ nínú rẹ̀.

Ọkùnrin tó fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé mi gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Màámi, ẹ ò kì í ṣe ará ibí." Mo ní Ṣakí ni mo ti wá. Ó ní, "Ṣé ẹ gba Nàìjíríà kọjá kí ẹ tó débí?" Gbogbo èrò inú kẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí n kò mọ ilé tí mò ń lọ gan-an, ó pa kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù kan lọ béèrè. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ní ìlú mìíràn, àwọn èrò ìyókù ì bá ti máa bú mi. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá mo ti jẹun, ó sì já ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì fún mi. Bí ọkùnrin náà ṣe padà dé, ó nawọ́ sí i fún mi: "Ulé yẹn nù un, èyí tí wọ́n kùn ní ọ̀dà búlúù." Ulé ni wọ́n ń pe ilé. Iyán sì ń jẹ́ uyán. Ọjọ́ kẹta ni mo mọ̀ pé èmi náà ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Níbi ìdánrawò, ìlú Yorùbá bíi mẹ́sàn-án ló wà nínú gbọ̀ngàn kan. Arúgbó kìíní wá láti Èkìtì, ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń jẹ́ Bísí, èmi ni mo wà láàárín. Nígbà tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́kọ́ sọ àsọtẹ́lẹ̀ wa pọ̀, Káyọ̀dé ní ó dà bí àwọn tó ń jà nídìí omi ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni Tósìn, tó ń ṣe balógun. Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti Ìpogun, ó ga, ó ní irùngbọ̀n, ohùn rẹ̀ sì ń dún nínú àyà. Ẹni tó ń ṣe ọba ni ọ̀gá rẹ̀ gan-an, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bá a tọ́ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ sọ́nà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán pípa ọba wò, ọba sùn sórí ẹní, Tósìn yọ dé pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá ọba, ó dúró, ó bọ́ bàtà rẹ̀.

Káyọ̀dé ní, "Tósìn, o ń lọ pa wọ́n ni, kì í ṣe pé o ń lọ kí wọn."

"Mo mọ̀, sà."

Ó tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí ó wọlé pẹ̀lú bàtà, ó gbé ọ̀bẹ sókè. Ọ̀jọ̀gbọ́n yí ara padà díẹ̀ lójú oorun, ni Tósìn bá fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Ọ̀jọ̀gbọ́n kò la ojú. Ó ní, "Tósìn, jọ̀ọ́, pa mí kí n lọ jẹun."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n Káyọ̀dé, ọmọ tí mo kọ́, kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó ní kó padà sí ti àkọ́kọ́, kó bọ́ bàtà. Nígbà tí Tósìn tún bọ́ bàtà rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, tó tò wọ́n ti ara wọn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, tó sì wọlé lọ pa ọba rẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí dé òpin.

Oda

Oda ni wọ́n fi mí wọ̀ sí, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, lọ́dọ̀ Fọláṣadé. Kí ẹ lè mọ bí Ọlọ́run ṣe ń dán èèyàn wò, Fọláṣadé yìí ló ń ṣe ìyàwó balógun.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó bímọ mẹ́ta, ó sì tó bíi ọdún mọ́kànlélógójì. Láàárọ̀ á wọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní Alágbàká, nírọ̀lẹ́ á wá sí ìdánrawò, lẹ́yìn náà àwa méjèèjì á jọ padà sí Oda. Nítorí pé mùsùlùmí ni mí, kí n tó dé ló ti lọ bi àwọn mùsùlùmí àdúgbò wọn pé ibo ni wọ́n máa ń kọjú sí bí wọ́n bá ń kírun, ó sì ti gbé ibùsùn mi kúrò níbẹ̀ kí àyè lè gbà mí láti kírun. Kìrìsìtẹ́nì ni gbogbo ilé. Ẹran tí wọ́n sè fún mi, lọ́dọ̀ alápatà tó ń pa á bó ti yẹ ni wọ́n ti rà á. N kò ní kí wọ́n ṣe ọ̀kan nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin Ṣakí, ẹ fetí sílẹ̀ níbí. Ọkọ Fọláṣadé ló ń gúnyán ní òwúrọ̀ Sátidé. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń wo òun. Ó bọ́ ẹ̀wù, òun àti ọmọ rẹ̀ àgbà mú ọmọ odó méjì, wọ́n ń gún un lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Iṣu ọ̀hún, láti oko bàbá Tósìn ni. Mo mọ̀ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, ṣùgbọ́n oògùn ni mo fi dàgbà. Ọjọ́ yẹn ni mo jẹ oúnjẹ. Wọ́n fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹja gbígbẹ ṣe ọbẹ̀ rẹ̀, iyán náà sì ń fà bí ọ̀rọ̀ tí kò tán nílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ Fọláṣadé nínú ilé ìdáná tó ń dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ bó ṣe ń fọ abọ́. Ibi tí ìyàwó balógun ti ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ojo ni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ewúrẹ́ mi, igbe ni mò ń ké. Fọláṣadé kò gbé ohùn sókè rárá. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ tí kò fẹ́ jẹun. Mo dúró nínú pálọ̀, mo mọ̀ pé ó dára ju tèmi lọ, inú sì bí mi pé ó dára. Mo tún mọ̀ pé mo ti jẹ iyán rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Àlejò ló kú nínú eré wa nítorí àga rẹ̀. Nínú ilé Oda, àlejò ló ń wo àga onílé.

Eré Àkúrẹ́ yọrí. Àwọn èèyàn kún gbọ̀ngàn, wọ́n ń bá wa dá sí i: nígbà tí ìyàwó balógun ní kí ọkọ òun lọ, ìyá kan láàárín èrò ní, "Má lọ, ọmọ mi." Fọláṣadé gbé ohùn sókè fún ìgbà kan ṣoṣo, ní òpin, ohùn náà sì ya bí aṣọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ọwọ́ mi nìkan ló sì ń pa á.

Ọ̀nà Oǹdó

Ọjọ́ kejì rẹ̀ la lọ sí Oǹdó, níbi tí a ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kejì ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀bá ọ̀nà kún fún kòkó tí wọ́n sá sórí tapólì, òórùn rẹ̀ sì wọ inú ọkọ̀ wá. A dúró ní Ọ̀wẹ̀nà, àwọn ọmọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí ọkọ̀ fi kún. Gbogbo wọn ń kọrin. Fọláṣadé kò kọrin. Nígbà tí mo kí i láàárọ̀, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Tíṣà wo ni kò mọ̀ ọ́n? Inú àpò mi, ìgò kékeré kan wà níbẹ̀ tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́: oyin ìgàn láti oko wa, orógbó àti atalẹ̀ tí mo gún pọ̀ mọ́ ọn. Ṣíbí méjì nínú omi gbígbóná, lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọjọ́ tó rọ̀, ohùn á padà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń fi í kọ́ kíláàsì tí ọmọ inú rẹ̀ lé ní ọgọ́rin.

N kò sọ ohunkóhun. Káyọ̀dé yí ojú padà láti iwájú ọkọ̀, ó wo Fọláṣadé, ó wò mí, ó ní, "Màámi, ẹ máa múra sílẹ̀ o." Ọkàn mi fò sókè bí ti ọmọdé tí wọ́n ní kó wá gba aṣọ ọdún. Mo gbé àpò mi kúrò nílẹ̀, mo gbé e lé orí itan, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Mo sọ fún ara mi pé kò sẹ́ni tó bi mí. Mo ní n kì í ṣe dókítà. Mo tún ní bóyá àyànmọ́ ni. Láti Ọ̀wẹ̀nà dé Oǹdó, mo rí àwíjàre mọ́kànlá.

Oǹdó

Oǹdó jẹ́ ìlú àgbà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn ti pẹ́, ilé owó kòkó ayé àtijọ́, ó sì dà bíi pé ojú gbogbo fèrèsé ń bi yín pé ọmọ ta ni yín. Nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ Yorùbá, n kò sì gbọ́ ọ. Mo rẹ́rìn-ín níbi tí àwọn yòókù bá ti rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo di àjèjì láàárín Yorùbá, ó sì dára kí èèyàn rí i lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá tí wọ́n ní kó fún wa lóúnjẹ ọ̀sán ń jẹ́ Ìyá Akíndélé, ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ gún ju tèmi lọ. Ó rí mi pé mò ń fi ọwọ́ yí iyán kiri nínú abọ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè Oǹdó, ó rí ojú mi, ó sì tún un sọ ní Yorùbá ilé-ìwé: "Ẹ sọ ìtàn eré yín fún mi." Mo sọ ọ́.

Ó ní, "Obìnrin yẹn, kí ló fẹ́ gan-an?"

"Ó fẹ́ kí ọkọ òun jọba, mà."

"Irọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ jọba. Kò kàn rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún." Ó gbé omi fún mi. "Níbí, àwọn bàbá wa ní obìnrin ló kọ́kọ́ jọba lé wa lórí. Títí dòní, àwọn obìnrin ní oyè tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, á jáde, á ní òun fẹ́ ẹ. Wọ́n lè fi í jẹ, wọ́n lè má fi í jẹ. Ṣùgbọ́n kò ní fi ọkọ rẹ̀ ṣe àkàbà, kò sì ní máa rìn kiri pẹ̀lú rẹ̀ nínú ikùn bí ẹni gbé òkúta mì."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ó wo abọ́ mi. Ó ní, "Ẹ ò jẹun. Kí ló wà nínú ikùn tiyín?"

Ojú tì mí, àfi bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Mo dìde, mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní omi gbígbóná.

Ife omi gbígbóná

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jókòó sẹ́yìn ìtàgé nígbà tí mo gbé ife náà wọlé. Fọláṣadé wà lórí bẹ́ǹṣì, ó fi gèlè wé ọrùn. Ọ̀sán ti ń pọ́n. Mo ní, "Fọlá, gba èyí mu. Á la ohùn rẹ."

Kò tíì na ọwọ́ tí Bísí, arúgbó kẹta, fi sọ̀rọ̀. "Àǹtí Fọlá, ẹ dúró ná. Ẹni tó máa bọ́ sípò yín ló gbé e wá o." Eré ló fi ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì la ti fi ń ṣe eré ọ̀dàlẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Tósìn wo ife náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ife náà. Ooru rẹ̀ ń lọ sókè láàárín wa.

Ẹ mọ ohun tí àṣà wí. Ẹni tó bá gbé nǹkan mímu fún ẹlòmíràn á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀. N kò bínú. Mo gbé ife náà sókè láti tọ́ ọ wò. Kí ó tó kan ètè mi, Fọláṣadé gbà á lọ́wọ́ mi. Ó gbé e mì láìdúró, títí dé ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n nítorí atalẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ó wo Bísí, ó fi ohùn tó ya náà ní, "Ìyá mi ni wọ́n."

Mo sáré jáde. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo ti sunkún, lẹ́bàá igi ọsàn kan, nígbà tí àwọn adìẹ ń wò mí.

Mo tún po ife kejì àti ẹ̀kẹta fún un kí agogo mẹ́rin tó lù. Ohùn rẹ̀ kò padà tán, ṣùgbọ́n ó padà tó. Ẹ̀yin ará ilé, kí n má purọ́: kò dùn ní Àkúrẹ́ tó bó ṣe dùn ní Oǹdó. Nítorí pé ohùn rẹ̀ kéré, gbogbo gbọ̀ngàn ní láti tẹ̀ síwájú kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Mo dúró sẹ́yìn aṣọ títa, níbi tí mo ti máa ń dúró, ètè mi ń bá a lọ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò gbàgbé ìkankan. Nígbà tó jókòó sílẹ̀ ní òpin, tí oorun kò wá, Ìyá Akíndélé tó wà ní ìlà iwájú ṣí aṣọ ìborùn rẹ̀, ó fi nu ojú.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ tán, tí gbogbo wa ti ń dì mọ́ra wa, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Fọlá, ìgò yẹn wà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀."

Ó ní, "Mo mọ̀, Màámi."

"O mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ gbé àpò lé itan bí ẹni gbé ẹyin. Òórùn orógbó gba gbogbo ọkọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́. "Ṣé ẹ fẹ́ ṣe é ni?"

Mo ní, "Mo fẹ́ ẹ. Láti Ṣakí ni mo ti fẹ́ ẹ."

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni ọmọ. Ó ní, "Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ? Èmi tí mo ní ọmọ mẹ́ta àti iṣẹ́ ìjọba, ó ti rẹ̀ mí. Bí ẹ bá sọ ọ́ ní Oda, à bá pín in. Ẹ̀yin ì bá ṣe ti Oǹdó, ǹ bá sì jókòó sí ìlà iwájú, kí n máa pàtẹ́wọ́ fún yín."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ní láti di ògiri mú, òun náà sì ń rín, pẹ̀lú ohùn burúkú yẹn. Káyọ̀dé wá béèrè ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, a tún bú sẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àti lọ́jà bóyá wọ́n jẹ́ kí n ṣe ìyàwó balógun, èsì mi nìyí. Lórí ìtàgé, arúgbó kejì ni mo ṣe, mo sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Oǹdó, láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ títí di ọ̀sán, tí ìgò yẹn wà nínú àpò mi, mo ṣe ìyàwó balógun, kò sì sẹ́ni tó lè ṣe é jù mí lọ.